Bí ọmọ yín bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ní Georgia Tech: ètò tí òbí gbọ́dọ̀ ṣe kí ìwé má baà jìyà

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì ní Georgia níhìn-ín, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Olùkọ́ ìṣirò ni mí. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àwọn ọmọ ìjọ wa á kó ìwé wọn wá sílé mi ní Lawrenceville fún lẹ́sìn, àwọn agbábọ́ọ̀lù sì pọ̀ nínú wọn. Àǹtí Calculus ni wọ́n ń pè mí. Ìbéèrè kan náà ni àwọn òbí wọn máa ń bi mí tí wọ́n bá wá mú wọn: ṣé ọmọ lè gbá bọ́ọ̀lù ní ìpele tó ga jù, kó sì tún gba dígírì gidi ní Georgia Tech?

Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ fi èyí sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀: ìdánwò ibẹ̀ kò ní rọ̀ nítorí bọ́ọ̀lù, kò sì yẹ kó rọ̀. Àkókò ọmọ ni a lè tún tò. Ibi tí mo ti rí i tí ọ̀rọ̀ dàrú, àwọn àgbà kò tètè to àkókò náà ni, wọ́n wá ń retí pé kí ilé-ẹ̀kọ́ dín ìwé kù.

Ilé-ẹ̀kọ́ tó le lè borí

Àwọn kan á sọ fún yín pé ilé-ẹ̀kọ́ tó bá le nínú ìwé kò lè ṣe nǹkan kan lórí pápá. Ẹ má gbà. Ọdún 1885 ni wọ́n dá Georgia Tech sílẹ̀ ní Atlanta láti máa kọ́ni ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. John Heisman, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àmì-ẹ̀yẹ tí gbogbo ọmọ agbábọ́ọ̀lù ń lálàá rẹ̀, ló jẹ́ kóòṣì wọn láti 1904 sí 1919. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti na ilé-ẹ̀kọ́ Cumberland ní 222 sí òdo ní 1916. Wọ́n ti ka Tech sí ẹgbẹ́ tó ta gbogbo orílẹ̀-èdè yọ ní 1917, 1928, 1952 àti 1990.

Nínú gbogbo kóòṣì wọn, Bobby Dodd ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan àwọn ọmọ yín títí di òní. Ó darí wọn láti 1945 sí 1966, òun ló sì ni ẹgbẹ́ 1952 tó gbá ìdíje 12 tó sì borí nínú gbogbo rẹ̀. Nígbà náà, SEC, àjọ àwọn yunifásítì gúúsù tó ń bá ara wọn díje, tí Tech wà nínú rẹ̀, ní òfin pé ilé-ẹ̀kọ́ kan kò gbọ́dọ̀ ní ju ọmọ 140 lọ tó ń jẹ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nítorí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà àti basketball. Ṣùgbọ́n wọ́n gba ilé-ẹ̀kọ́ láyè láti mú ọmọ tuntun 45 wọlé lọ́dún kan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: 45 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 180. Ogójì ọmọ kò ní ibi tí wọn ó dúró sí. Ohun tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ń ṣe ni pé wọ́n ń lé àwọn tí bọ́ọ̀lù wọn kò dùn tó bí wọ́n ṣe rò, kí àyè lè ṣí fún àwọn mìíràn. Dodd ní òun kò ní lé ọmọ tó ń ṣe ìwé rẹ̀ bó ṣe yẹ nítorí pé òun fúnra òun ló ṣìrò bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ó fẹ́ kí àjọ náà yí òfin padà, wọn kò yí i, Tech sì jáde kúrò nínú SEC ní 1964.

Ìṣirò yẹn ti tún padà wá. Ní Oṣù Kẹfà 2025, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí àdéhùn tó jẹ́ kí àwọn yunifásítì lè máa san owó fún àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn ní tààrà. Òpin iye tí ilé-ẹ̀kọ́ kan lè san fún gbogbo agbábọ́ọ̀lù àti eléré ìdárayá rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́ tó mílíọ̀nù 20.5 dọ́là. Àdéhùn náà ló tún sọ ọ́ di ọmọ 105 péré tí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù lè ní. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ ó bi kóòṣì yòówù tó bá wọ ilé yín ni èyí: tí ọmọ mi bá ń yege nínú ìwé ṣùgbọ́n tí kò wọ inú àwọn tó ń gbá, kí ni ẹ ó ṣe fún un lọ́dún kẹta? Ẹ jẹ́ kó dáhùn tán kí ẹ tó gbé oúnjẹ wá.

Ẹ má sì rò pé ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ń fi àánú nìkan gbá bọ́ọ̀lù. Ó ní ọgbọ́n tó ń dá. Láti 2008 sí 2018, Paul Johnson ló jẹ́ kóòṣì ní Tech. Ó mọ̀ pé àwọn ọmọ tó lè wọ ibẹ̀ kò pọ̀ tó èyí tí àwọn ẹlòmíràn ń rí, ó wá ń gbá irú bọ́ọ̀lù tí kò wọ́pọ̀ mọ́, èyí tí wọ́n fi ń sá gbé e lọ ju kí wọ́n máa jù ú lọ. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni ẹgbẹ́ tó fẹ́ bá wọn pàdé máa ń ní láti múra sílẹ̀ fún ohun tí kò rí rí ní gbogbo ọdún. Ní ọdún 2014 wọ́n borí nínú ìdíje 11, wọ́n sì na Mississippi State ní 49 sí 34 nínú Orange Bowl, ọ̀kan nínú àwọn ìdíje ńlá ìparí sáà.

Kíláàsì kẹjọ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ní Tech, kò sí dígírì tí wọ́n dá sílẹ̀ kí agbábọ́ọ̀lù lè fara pamọ́ sínú rẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ ìṣàkóso okòwò gan-an, níbi tí ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù wà, máa ń bá calculus pàdé. Gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà ló ń ṣe kọ́ọ̀sì kan nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ẹ ka ìyẹn sí ohun rere, nítorí dígírì tí ọmọ yín bá gbà níbẹ̀ kò ní yàtọ̀ sí ti ọmọ tí kò mọ bọ́ọ̀lù rárá.

Ẹ wá wo bí kíláàsì ìṣirò ṣe ń tẹ̀lé ara wọn ní Georgia: Algebra, Geometry, Advanced Algebra, Precalculus, lẹ́yìn náà ni calculus. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ Algebra ní kíláàsì kẹsàn-án yóò parí sí Precalculus ní kíláàsì kejìlá. Kò ní fojú kan calculus kó tó wọ yunifásítì, ọdún tó sì máa kọ́kọ́ rí i ni ọdún tí wọ́n ń fi ìkọlù pápá kọ́ ara rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ tó ṣe Algebra ní kíláàsì kẹjọ yóò ti bá a pàdé nílé, lábẹ́ olùkọ́ tó mọ orúkọ rẹ̀. Nítorí náà, tí ọmọ bá wà ní kíláàsì keje, ẹ lọ bá olùdámọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ báyìí. Tó bá ti wà ní kẹsàn-án, ó lè ṣe Geometry ní àsìkò ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn kó fi bá àwọn yòókù. Ó máa ń ni ọmọ lára. Ẹ jẹ́ kó ni ín lára nígbà náà.

Àwọn òbí máa ń gbé ìwé òfin NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì, wá fún mi, wọ́n á ní ọmọ àwọn ti pé. Òfin yẹn ní kí ọmọ ní kọ́ọ̀sì pàtàkì 16, kí ìṣirò jẹ́ mẹ́ta nínú wọn láti Algebra lọ sókè, kí GPA rẹ̀ (ìpíndọ́gba máàkì rẹ̀) nínú wọn má dín ní 2.3, kí mẹ́wàá nínú wọn sì ti parí kó tó bẹ̀rẹ̀ ọdún tó kẹ́yìn. Ohun tí òfin náà ń sọ ni pé ọmọ lè wọ pápá. Kò sọ pé ó lè yege ní Tech. Ìṣirò mẹ́ta láti Algebra kò ju Advanced Algebra lọ.

Ohun kan wà tí àwọn kóòṣì ń fẹ́ báyìí tó máa ń dùn mọ́ àwọn ọmọ: kí ọmọ parí sẹ́kọ́ńdìrì ní Oṣù Kejìlá, kó wọ yunifásítì ní Oṣù Kìn-ín-ní kó lè bá wọn ṣe ìgbáradì ìgbà ìrúwé. Ó ń ràn án lọ́wọ́ lórí pápá, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ìdánwò AP Calculus, ìdánwò ìpele yunifásítì tí wọ́n ń ṣe ní sẹ́kọ́ńdìrì, Oṣù Karùn-ún ni wọ́n ń ṣe é. Ọmọ tó bá lọ ní Oṣù Kìn-ín-ní ti já a sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ní ti ọmọ tó fẹ́ kọ́ ẹnjiníà, èmi ò fara mọ́ ọn. Kó dúró, kó ṣe ìdánwò rẹ̀, kó wá wọlé ní Oṣù Kẹfà pẹ̀lú àwọn yòókù.

Ọjọ́ tí ẹ bá lọ wo ilé-ẹ̀kọ́

Wọn á fi aṣọ hàn yín, wọn á fi yàrá ìgbé-irin hàn yín, wọn á ya ọmọ ní fọ́tò. Ẹ bá wọn yọ̀, ẹ sì ní kí wọ́n mú yín lọ sọ́dọ̀ àwọn olùdámọ̀ràn ìwé. Láyé Homer Rice, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà eré ìdárayá níbẹ̀ láti 1980 sí 1997, ni Tech ti gbé ètò kan kalẹ̀ tó ń tọ́jú ọmọ lápapọ̀: ìwé, ìwà, ìlera àti iṣẹ́ tó máa ṣe lẹ́yìn bọ́ọ̀lù. NCAA wo àpẹẹrẹ rẹ̀ ṣe tirẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Nítorí náà ẹ kò ṣe ìyọlẹ́nu tí ẹ bá béèrè pé báwo ló ṣe rí lónìí.

Láàbù ni kí ẹ tẹnu mọ́ jù. Láàbù ẹ̀kọ́ ẹnjiníà àti sáyẹ́ǹsì máa ń gba wákàtí púpọ̀, ọ̀sán ni wọ́n sì máa ń fi ọ̀pọ̀ rẹ̀ sí. Ẹ béèrè pé àsìkò wo ni ìgbáradì, àti pé tí láàbù bá kọlù ú, èwo ló ń yẹ̀? Tí ẹni tó ń dá yín lóhùn bá ní ọmọ lè yan ẹ̀kọ́ mìíràn, ìdáhùn yín nìyẹn. Ẹ béèrè pé kí ni àwọn tó jáde lọ́dún tó kọjá kà, iye wo nínú wọn ló ka ẹnjiníà, kí ẹ sì bá ọ̀kan nínú àwọn tó ń ka ẹnjiníà sọ̀rọ̀ láìsí kóòṣì nítòsí. Èyí tó dára jù ni ọmọ ọdún kẹta tí kì í sábà gbá. Ẹni tí ìràwọ̀ rẹ̀ ń tàn yóò sọ̀rọ̀ dáadáa nípa gbogbo nǹkan. Ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá ló mọ bí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe ń ṣe sí ọmọ tí kò wúlò fún ìdíje ọ̀la.

Ẹ sì béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà tí ọmọ bá fara pa. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Iye yúníìtì: ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe

Ìṣirò ni apá yìí, ẹ fara balẹ̀. Kí ọmọ tó lè gbá bọ́ọ̀lù, ó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ fún yúníìtì 12 ó kéré tán. Òfin NCAA fún bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tún sọ pé kó yege nínú yúníìtì 9 ní sẹ̀mẹ́sítà tó bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹjọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè pàdánù ìdíje mẹ́rin àkọ́kọ́ ní sáà tó tẹ̀ lé e. Àwọn olùdámọ̀ràn kan á ní kí ọmọ mú yúníìtì 12 géérégé, nítorí bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́. Ó jọ àánú. Ṣùgbọ́n tí calculus tó jẹ́ yúníìtì 4 bá wà nínú 12 yẹn, tí ọmọ sì kùnà nínú rẹ̀, 8 ló kù. Kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ti gbé e kọjá ààlà. Kò sì lè jáwọ́ nínú kọ́ọ̀sì náà láàárín sẹ̀mẹ́sítà, nítorí kò ní pé 12 mọ́, kò sì ní lè gbá ìdíje Sátidé.

Ọ̀nà méjì ló wà. Kí ọmọ mú 13 tàbí 14, kí kọ́ọ̀sì kan nínú wọn jẹ́ èyí tí ọwọ́ rẹ̀ yá sí. Tàbí kó gbé calculus lọ sí sẹ̀mẹ́sítà Oṣù Kìn-ín-ní, tàbí àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí kò sí ìdíje. Èkejì ni mo fẹ́ràn fún ọmọ ọdún àkọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀rùn tó ṣáájú sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, kó mú kọ́ọ̀sì kan tàbí méjì tó fúyẹ́, kó mọ ojú ọ̀nà, kó mọ ibi tí wọ́n ti ń rí olùkọ́. Ẹ̀ẹ̀rùn wúlò fún iṣẹ́ gidi pẹ̀lú. Calvin Johnson, tó gbá bọ́ọ̀lù ní Tech láti 2004 sí 2006 kí ẹgbẹ́ Detroit tó ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun tó mú un ṣe ẹni kejì nínú gbogbo àwọn tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ yàn ní 2007, lo ẹ̀ẹ̀rùn 2006 pẹ̀lú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ lórí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún àwọn ará Bolivia.

Kì í ṣe sẹ̀mẹ́sítà kan nìkan ni wọ́n ń wò. Nígbà tí ọdún kẹta bá bẹ̀rẹ̀, ọmọ gbọ́dọ̀ ti parí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún dígírì tó yàn. Ọdún kẹrin, 60. Ọdún karùn-ún, 80. Ẹ kíyè sí i: dígírì tó yàn. Ká ní yúníìtì 120 ni dígírì náà, 48 ló gbọ́dọ̀ ní ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kẹta. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn òbí pé kí wọ́n má gba ìmọ̀ràn ẹni tó bá ní kí ọmọ kọ́kọ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tó rọrùn, kó gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ fún ọdún méjì, kó wá gba inú ètò ìpààrọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ sí Tech. Ó lè gbé yúníìtì 60 dé, kí Tech wò ó kí 35 péré bá dígírì wọn mu. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ lè dára bó ṣe wù kó dára, òfin ò ní jẹ́ kó gbá. Èyí tó rọrùn ju ìyẹn lọ ni kó ti inú Tech jáde lọ síbòmíràn, nítorí yúníìtì ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì tó ṣe níbẹ̀ wúlò ní ibi púpọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan

Òfin ní wákàtí 20 ni bọ́ọ̀lù lè gbà lọ́wọ́ ọmọ lọ́sẹ̀ nígbà ìdíje, kí ọjọ́ kan sì jẹ́ ìsinmi. Ìrìn-àjò kò sí nínú 20 yẹn, ìtọ́jú ara tó ń dun ọmọ kò sí nínú rẹ̀, ìdíje fúnra rẹ̀ sì ń jẹ́ wákàtí 3 péré, bó ti wù kó pẹ́ tó. Ẹ ka ọ̀sẹ̀ sí wákàtí 168. Ẹ yọ 56 fún oorun, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan án. Yúníìtì 13, wákàtí kan ní kíláàsì pẹ̀lú wákàtí méjì ìkàwé fún yúníìtì kọ̀ọ̀kan, jẹ́ 39. Àyè wà níbẹ̀ fún ọmọ tó bá mọ ibi tí wákàtí rẹ̀ ń lọ.

Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe: ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí wọ́n lọ bá olùkọ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n mú ọjọ́ ìrìn-àjò gbogbo sáà dání, kí wọ́n tó ní ohun tí wọ́n fẹ́ tọrọ. Iṣẹ́ tó bá máa wọlé ní Fúráìdé, alẹ́ Wẹ́sidé ni kó parí. Kí wọ́n lo wákàtí tí olùkọ́ ń jókòó dúró de akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń tijú láti lọ, nítorí a ti kọ́ wọn pé wọn kì í yọ àgbà lẹ́nu. Ẹ kọ́ wọn pé èyí yàtọ̀.

Ẹ̀yin náà ní ìpín níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí ọmọ bá gbá ìdíje ní Sátidé, Sọ́ńdè ni ara máa ń ro ó tí iṣẹ́ ìwé sì máa ń kó jọ. Ẹ má ní kó wakọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Lawrenceville, lẹ́yìn náà kó tún dé ibi ìkómọjáde kí gbogbo ẹbí lè rí i. Ẹ gbé ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ lọ bá a ní Atlanta, ẹ gbàdúrà fún un, ẹ jókòó díẹ̀, ẹ padà sílé.

Owó, físà àti ọdún karùn-ún

Láti 2021 ni agbábọ́ọ̀lù yunifásítì ti lè máa gba owó nítorí orúkọ àti àwòrán rẹ̀. Ọmọ tó bá wà níhìn-ín pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ F-1, irú èyí tí àwọn ọmọ tó ti Nàìjíríà wá máa ń ní, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé owó kankan kó tó rí ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè àti lọ́yà ìwọlé-wọ̀lú, nítorí iṣẹ́ tí kò ní àṣẹ lè ba físà náà jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé fọwọ́ sí i ná.

Ọmọ ní ọdún márùn-ún láti fi gbá sáà mẹ́rin, tó bá sì gbá ìdíje mẹ́rin tàbí kó dín ní ọdún kan, wọn kì í ka ọdún yẹn mọ́ ọn lára. Àwọn ọmọ máa ń sunkún tí wọ́n bá ní kí wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Èmi máa ń yọ̀ fún wọn. Ọdún yẹn ni calculus, físíìsì àti kọ̀ǹpútà lè jókòó dáadáa sórí, kí ọdún karùn-ún sì fi ọ̀nà sílẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ dígírì kejì nígbà tó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù.

Tí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí bọ́ọ̀lù ọmọ kò tó ti Tech, ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. MIT ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, Carnegie Mellon ní tirẹ̀. Ìpele kẹta ni wọ́n ti ń gbá, kò sì sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nítorí bọ́ọ̀lù níbẹ̀, ṣùgbọ́n ní 2014 MIT kò pàdánù ìdíje kankan títí wọ́n fi wọ ìdíje ìyọkúrò NCAA tó ń tẹ̀ lé sáà, níbi tí wọ́n ti na Husson ní 27 sí 20 ní ìpele àkọ́kọ́. Owó ìrànwọ́ wọn dá lórí ohun tó ń wọlé fún ẹbí, fún ọ̀pọ̀ ilé tí mo mọ̀ ó sì lè dín owó náà kù ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ibi tí wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn. Ẹ wá ìwé owó-orí yín ti ọdún tó kọjá, ẹ jókòó pẹ̀lú ọmọ, ẹ fi nọ́ńbà inú rẹ̀ sí i kí ẹ tó sọ pé agbára yín kò ká a.